Ṣé lóòótọ́ ni Melanie Klein fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ kọ́ṣẹ́?

TíṣàÀwọnÈwe

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni mò ń mójú tó níbi iṣẹ́, mo sì ń ṣe kọ́ọ̀sì kan lórí ìdàgbàsókè ọmọdé mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n fún wa ní ìwé pélébé kan nípa Melanie Klein, pé ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi psychoanalysis (ìtọ́jú ọkàn tó ń wá ohun tó fara sin nínú ọkàn ènìyàn) tọ́jú ọmọdé. Mo kà á tán, orí mi gbóná.

Wọ́n ní obìnrin yìí kò gba oyè kankan ní yunifásítì. Wọ́n tún ní ọmọ kan tó pè ní Fritz nínú ìwé tó kọ́kọ́ kọ, Erich ọmọ tirẹ̀ gan-an ni. Èyí tó wá le jù lójú mi ni pé ó ní ọmọ ọwọ́ tó ń mu ọmú lè kórìíra ọmú yẹn, kó máa rò ó nínú ara rẹ̀ láti bù ú jẹ, láti bà á jẹ́. Ọmọ ọwọ́! Èwo ni ti ìkórìíra nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí kò tíì lè gbé orí ara rẹ̀ dúró?

Síbẹ̀ olùkọ́ wa ń pọ́n ọn lé bí ẹni pé, láìsí i, kò sí ẹni tí ì bá máa fi eré mọ ọkàn ọmọdé lónìí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi. Kí ló ṣe gan-an? Kí ni kí n mú níbẹ̀, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ọ̀ràn kan tún wà nílẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti bí àbúrò lé e, bèbí kékeré inú àpótí ìṣeré wa kò rójú mọ́. Á tẹ́ ẹ sùn, á da aṣọ bò ó, á wá gun orí rẹ̀. Ṣé kí n gba bèbí náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àbí kí n bá a sọ̀rọ̀ nípa àbúrò rẹ̀?

Ẹlẹ́jọ́Wẹ́wẹ́

Fò ó, Tíṣà. Àwọn onímọ̀ ọkàn ìlú Vienna ìgbà yẹn, kò sí ohun tí wọn kò lè rí ọmú àti bàbá nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá gun bèbí, bèbí ló gùn.

ÀgbàÒǹkàwé

Ẹlẹ́jọ́, o tún ti gbé tìrẹ dé. Tíṣà, má fò ó o. Iṣẹ́ fífi eré tọ́jú ọmọdé ni mò ń ṣe jẹun. Èmi àti Klein ń jiyàn nínú ọkàn mi lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó fi sílẹ̀ ni mò ń lò lójoojúmọ́.

Jẹ́ ká ti ọ̀rọ̀ Fritz bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni. Budapest ló ń gbé nígbà náà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ Arthur ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ẹnjiníà, gbé wọn dé ní 1910. Ó ń lọ sọ́dọ̀ Sándor Ferenczi, onímọ̀ psychoanalysis kan níbẹ̀, nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń bá a jà, Ferenczi ló sì kì í láyà pé kó máa fojú sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ní 1919 ó ka ìwé kan níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ psychoanalysis ti ilẹ̀ Hungary, wọ́n sì gbà á sí ẹgbẹ́. Ọmọ tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ kì í sinmi ìbéèrè: níbo ni mo wà kí wọ́n tó bí mi? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ènìyàn? Ìyá ọmọ náà pinnu pé òótọ́ ni òun yóò máa fi dá a lóhùn, kì í ṣe ìtàn ẹyẹ àkọ̀ tó ń gbé ọmọ wálé. Nígbà tí ìwé náà jáde ní 1921, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ àwọn ẹbí òun kan tó ń gbé nítòsí ni Fritz. Irọ́ ni. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni.

Kò dára lójú mi, mi ò sì ní bá a wá àwíjàre. Bí ìyá bá jẹ́ ìyá ní òwúrọ̀, tó tún di olùtọ́jú ọkàn ní ọ̀sán, ta ni ọmọ fẹ́ fi ẹjọ́ ìyá rẹ̀ sùn? Àmọ́ òun nìkan kọ́ ló dá irú rẹ̀. Sigmund Freud fúnra rẹ̀, ẹni tó dá psychoanalysis sílẹ̀, gbé Anna ọmọ rẹ̀ sórí àga gbọọrọ ìtọ́jú ní 1918. Kò tíì sí òfin kan tó dè wọ́n nígbà náà. Ilé ara wọn ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́.

Ní ti yunifásítì, ó wù ú lọ. Ìṣègùn ló fẹ́ kọ́. Vienna ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 1882, òun sì ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin tí Moriz Reizes bí, dókítà kan tó jẹ́ Júù. Owó kò rọ̀ṣọ̀mù nílé náà, ni Libussa ìyá rẹ̀ bá ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ewéko àti àwọn ẹran tó ń fàyà fà. (Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ nìyẹn. Fojú inú wo ìyá tó ń pa owó ilé ìwé jọ lára alángbá.) Sidonie, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí àìsàn dá wó, ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà àti ìṣirò kó tó kú lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Melanie kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Bàbá kú ní 1900. Emanuel ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó gbà pé àbúrò òun yóò di ẹni ńlá, kú ní 1902. Ní 1903 ó wọlé ọkọ lọ́mọ ọdún 21, ọ̀rọ̀ ìṣègùn sì parí síbẹ̀. Ó bí Melitta ní 1904, Hans ní 1907, Erich ní 1914. Ọdún 1914 yẹn kan náà ni ìyá rẹ̀ kú, ọdún náà ló sì ka ìwé kékeré tí Freud kọ lórí àlá.

Ẹni tó ti sin bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti ẹ̀gbọ́n obìnrin kó tó pé ọmọ ọdún 33, tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tún fún un ní ìsinmi, ẹ má retí pé kó wá sọ fún yín pé ẹ̀rín nìkan ló wà nínú ọkàn ọmọdé.

Ó dáa, a ti dé ibi tó ṣe kókó. Ní 1921 ó kó lọ sí Berlin. Ní 1923 ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ọmọ kan tó pè ní Rita, ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án. Ilé àwọn òbí Rita ló ti ń rí i, ibẹ̀ ló sì ti rí i pé iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe dáadáa nílé ọmọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní ibi kan tó jẹ́ tirẹ̀, tí ojú ilé kò tó.

Lẹ́yìn Rita ni ọmọbìnrin kan dé, ọmọ ọdún méje, tí ilé ìwé ti sú. Ọmọ náà jókòó, kò wí kinní kan. Àwòrán yíyà kò wù ú. Klein fi í sílẹ̀ nínú yàrá, ó wọ yàrá àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ, ó ṣa ọkọ̀ kéékèèké, ère ènìyàn kéékèèké, búlọ́ọ̀kù díẹ̀ àti ọkọ̀ ojú irin kan sínú àpótí, ó gbé e wá síwájú rẹ̀. Kíá ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ eré. Ère méjì ló mú yọ nínú gbogbo wọn. Klein lóye rẹ̀ pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ àti ọmọkùnrin kan nílé ìwé ni, pé àwọn méjèèjì ní àṣírí kan. Àwọn ère yòókù tó bá fẹ́ yọjú sí wọn, ọmọ náà á tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó bá yá, jàǹbá á dé: ère méjèèjì á ṣubú, tàbí kí ọkọ̀ kọlù wọ́n. Ọmọ tí kò sọ nǹkan ti ń rojọ́ báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń rò ó.

Láti ìgbà náà ló ti sọ ọ́ di ìlànà, ó sì ní làákàyè níbẹ̀ ju bí àwọn tó ń bú u ti mọ̀ lọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní dúrọ́ọ̀ tirẹ̀ tó ń tì pa, kí ọmọ mìíràn má bàa fọwọ́ kàn án. Ère kéékèèké ló wà níbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, ìwọ̀n méjì. Ẹranko, igi, ilé, ọgbà, ọkọ̀, ọkọ̀ òfurufú, bébà, àlùmọ́gàjí, pẹ́ńsù, gúlúù, okùn. Kò sí èyí tó ń fi ẹ̀rọ rìn. Kò gbà kí ère wọ aṣọ ọlọ́pàá tàbí ti nọ́ọ̀sì, nítorí bí ère bá ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ kò ní lè fi ṣe ẹni tó wù ú. Omi gbọ́dọ̀ máa yọ nínú yàrá náà, ilẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ṣeé nù.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ohun tó ń ṣe bí ọmọ bá fọ́ ohun ìṣeré. Kì í bá a wí. Kì í sì í yára fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ère tó ṣẹ́ náà á wà nínú dúrọ́ọ̀. Ọmọ á máa yẹra fún un bí ẹni tí kò rí i, torí ẹ̀rù ti bà á pé ẹni tí ère yẹn dúró fún yóò gbẹ̀san. Ọjọ́ kan á wá dé tí ọmọ á ṣí dúrọ́ọ̀, á máa tú u, ère tó ṣẹ́ yẹn ló ń wá. Á fẹ́ bá a tún un ṣe. Mo ti rí i lójú ara mi pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mò ń tọ́jú, kò sì sí àlàyé mìíràn tó tẹ́ mi lọ́rùn ju ti Klein lọ: ọmọ náà ti lè fara da ẹ̀bi tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni.

Ibẹ̀ náà lọ̀rọ̀ ọmú ti wọlé. Ọmọ ọwọ́ kò ní ọ̀rọ̀, kò sì ń ronú bí tiwa. Klein mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ara ni ọmọ fi ń mọ ayé. Ebi ń pa á, ọmú pẹ́. Kò mọ̀ pé ohun rere ló pẹ́. Ohun búburú kan ló dé, tó ń gé e jẹ nínú. Ọmú dé, ó yó, ohun rere dé. Kò tíì mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó pín ayé sí méjì, ó ń fẹ́ràn apá kan tọkàntọkàn, ó ń bá apá kejì jà tọkàntọkàn. Tó bá ń lọ sí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, ó ń yé e díẹ̀díẹ̀ pé ẹni kan ṣoṣo ni ìyá yìí, pé ẹni tí òun ń fẹ́ pa run náà ni ẹni tí òun ń fẹ́ràn. Ìbànújẹ́ dé nígbà náà, àníyàn dé, ìfẹ́ láti ṣàtúnṣe sì dé. Ipò kejì yìí ló kọ́kọ́ kọ̀wé lé lórí, ní 1935. Ní 1946 ló tó ṣàlàyé ipò ìfura àti ìpínyà tó ṣáájú rẹ̀. Ipò ló pè wọ́n, kò pè wọ́n ní ìpele, torí ó gbà pé àwa àgbà náà ń padà síbẹ̀ nígbàkigbà tí ayé bá há mọ́ wa. Ẹni tó bá ti rí àgbàlagbà méjì tó ń kọ ara wọn sílẹ̀ á mọ ohun tó ń wí.

Ṣé a lè fi ẹ̀rí gbé e nídìí pé ọmọ oṣù mẹ́ta ń rò bẹ́ẹ̀? Rárá o. Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ló rí ní kedere, ó wá ti ọ̀dọ̀ wọn fò padà sẹ́yìn sí ọmọ ọwọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan láàárín.

Ó tún máa ń yára jù. Ní 1930 ó kọ̀wé nípa ọmọ ọdún mẹ́rin kan, Dick, tí kò ń ṣeré, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, tí kò bìkítà bóyá nọ́ọ̀sì rẹ̀ wà níbẹ̀ tàbí ó lọ. Klein gbé ọkọ̀ ojú irin ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kékeré, ó ní ti Dádì nìyí, ti Dick nìyí. Ọmọ mú kékeré, ó yí i dé ojú fèrèsé, ó ní "Ibùdókọ̀." Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni Klein dáhùn pé Mọ́mì ni ibùdókọ̀ náà, Dick ń wọ inú Mọ́mì lọ. Ẹ gbọ́ ná! Ta ló bi í? Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ohun tí ọmọ ṣe: ó sáré bọ́ sí àárín ilẹ̀kùn méjì, ó ti ara rẹ̀ mọ́bẹ̀, ó ní "Òkùnkùn," ó jáde, kò sì pẹ́ tó fi béèrè nọ́ọ̀sì rẹ̀. Ọmọ tí kì í béèrè ẹnikẹ́ni! Mi ò gbà pé ọ̀rọ̀ ibùdókọ̀ yẹn ló wò ó sàn. Mo rò pé àgbàlagbà kan ló bá a wọ inú eré rẹ̀, tí ẹ̀rù rẹ̀ kò sì ba ẹni náà.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ fi Anna Freud sílẹ̀ lẹ́yìn odi, inú mi kò dùn sí i. Òun náà tọ́jú ọmọdé ní ìgbà yẹn, ó sì ti ṣe tíṣà ilé ìwé ní Vienna kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ó ti dúró níwájú kíláàsì rí.

Ohun tó ń bá Klein jà lé lórí ní 1927 ni pé ọmọdé kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Òbí ló mú un wá, ilé òbí náà ló sì ń padà sí. Kò tíì tó àkókò láti sọ pé ó ń gbé ọ̀rọ̀ òbí rẹ̀ lé olùtọ́jú lórí, nígbà tí òbí gan-an ń dúró níta. Kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ̀ ẹ́, kó gbẹ́kẹ̀ lé ẹ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí òun ṣe ń ṣe é: ọmọkùnrin kan fẹ́ràn okùn títa ní kókó, Anna ń ta kókó tó díjú ju tirẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin kan ń bọ̀, Anna ń hun aṣọ ní gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí gbogbo bèbí àti béárì ọmọ náà fi wọṣọ tán. Ẹ rí i? Kò sí ibùdókọ̀, kò sí inú Mọ́mì.

Àwọn òbí àti tíṣà náà wà nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun àti Dorothy Burlingham dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí ogun lé kúrò nílé sílẹ̀ ní Hampstead, London. Wọ́n rí i pé bọ́ǹbù kò dẹ́rù ba ọmọ tó bí pípín in níyà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ṣe ń dà á láàmú. Wọ́n wá pín àwọn ọmọ sí ìdílé kéékèèké, obìnrin kan fún ìdílé kan, àwọn ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jowú, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń dì mọ́ "ìyá" wọn. Ariwo pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì dùn mọ́ Anna nínú. Tíṣà, tèmi ni kí o mú u.

Ẹlẹ́jọ́Wẹ́wẹ́

Bọ́ǹbù ń bọ́ lu London, àwọn àgbà wọ̀nyí ń jà lórí ọmú àti òwú híhun?

ÀgbàÒǹkàwé

Wọ́n jà á gan-an o. Klein ti ń gbé London láti 1926, Ernest Jones, olórí àwọn onímọ̀ psychoanalysis níbẹ̀, ló pè é wá. Àwọn Freud sá kúrò lábẹ́ Hitler dé ibẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1938, ìlú kan náà wá gba abo méjì. Láti 1942 sí 1944 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ psychoanalysis ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń figbe ta, Donald Winnicott, dókítà ọmọdé kan nínú ẹgbẹ́ náà, ló dìde pé òun kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ òfurufú àwọn ọ̀tá ti wà lókè orí wọn. Wọ́n ń bá ìjà wọn lọ. Ẹgbẹ́ kò pín, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀kọ́ pín.

Ìyá Ìbejì, mo gbà fún yín lórí ti òbí. Klein fi ìyá gidi, ẹni tó wà nínú ilé, sílẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Anna hun aṣọ fún gbogbo bèbí ọmọ yẹn, ó dára. Bí ọmọ náà bá wá fẹ́ fa bèbí ya ńkọ́? Ọmọ kì í fẹ́ dójú ti ẹni tó ṣe é lóore. Ti Klein ni pé kí ọmọ mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé ìkórìíra rẹ̀ náà lè wọlé, kó jókòó.

TíṣàÀwọnÈwe

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ẹ má bínú, ohun kan ṣì ń ta mí lára. Mo rí i níbì kan pé Melitta ọmọ rẹ̀ obìnrin di ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tí kò lè bá ọmọ tirẹ̀ rẹ́, ṣé a lè gba ẹ̀kọ́ ọmọdé lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ tún má gbàgbé ọmọkùnrin mi onibèbí.

ÀgbàÒǹkàwé

Melitta di dókítà, ó sì di onímọ̀ psychoanalysis bíi ti ìyá rẹ̀. Schmideberg ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1934, Hans kú níbi tó ti ń gun òkè ní Tatra. Melitta ní ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ni. Ìyá kò gbà. Láti ìgbà yẹn, bí Klein bá ti ń sọ̀rọ̀ nípàdé, Melitta ló ń dìde ta kò ó, òun àti Edward Glover tó ti ń tọ́jú ọkàn rẹ̀. Gbangba ni. Wọn kò parí rẹ̀ títí Klein fi kú ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, Melitta kò sì lọ síbi ìsìnkú. Bí o bá ní kí n sọ ẹni tó jẹ̀bi, mi ò lè sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò ní gba ìmọ̀ràn ọmọ títọ́ lọ́wọ́ Klein. Ìmọ̀ràn kọ́ ló ń tà.

Ìwé tó kọ ní 1940 lórí ọ̀fọ̀ ni mo fẹ́ kí o fi wo irú ènìyàn tó jẹ́. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó pè ní Ìyáàfin A, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú lójijì. Àwọn tó mọ ìtàn rẹ̀ gbà pé òun fúnra rẹ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, obìnrin náà kò sunkún púpọ̀. Ó kó lẹ́tà ilé jọ, ó ń ṣà wọ́n: ti ọmọ rẹ̀, ó tọ́jú; àwọn yòókù, ó jù nù. Ẹlòmíràn á ní ó ń tún ilé ṣe. Klein ní ó ń wá bí òun yóò ṣe pa ọmọ náà mọ́ láìléwu nínú ara òun ni, kí ó sì gbá gbogbo ohun burúkú, àjèjì àti ọ̀tá kúrò níbẹ̀. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ lò ń gbọ́ yẹn, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ó ti ń wo ọwọ́ ọmọ ọdún méje nídìí àpótí ìṣeré. Ó wá kọ ọ́ pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, kì í ṣe ẹni tó kú nìkan ló pàdánù; ó ń rò ó pé gbogbo ohun rere inú òun ló ti wó, àfi kó tún un kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fi òpó yìí gbé gbogbo ilé Klein dúró. Bí o bá yọ ọmú kúrò, kò wó.

Ó kù ọmọkùnrin onibèbí. Má gba bèbí náà. Má sì sọ fún un pé àbúrò rẹ lò ń gùn yẹn. Klein á sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń rí ọmọ tirẹ̀ ní nǹkan bí ojoojúmọ́, nínú yàrá tí kò sí ẹlòmíràn, òbí sì ti fọwọ́ sí i. Ìwọ, ọmọ púpọ̀ ló yí ọ ká, ọ̀rọ̀ rẹ lè dé etí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ọmọ mìíràn kó tó di ìrọ̀lẹ́. Wo ohun tó ń tẹ̀ lé gígùn náà. Ṣé á sá kúrò nídìí bèbí ni? Ṣé á yẹ aṣọ wò bóyá nǹkan ti ṣe é? O ní á tẹ́ ẹ sùn, á da aṣọ bò ó kó tó gùn ún. Ẹni tó kórìíra nǹkan nìkan kì í bò ó kí òtútù má mú un. Ìfẹ́ náà wà nínú eré yẹn, ẹ̀rù ló ń bà mí pé ìkórìíra nìkan lo rí. Bí ó bá fẹ́ kí o wá ṣeré pẹ̀lú òun, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: "Kí ni bèbí ń sọ báyìí? Kí la ṣe fún un?" Kó o dákẹ́, kó o máa gbọ́.

Bí bèbí bá ya, má jù ú nù lẹ́yìn rẹ̀. Fi í síbi tó lè rí i. Tó bá wá a lọ́jọ́ kan, gbé gúlúù jáde. Àmọ́ tó bá na ọwọ́ sí ọmọ gidi, dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Klein tó gba kí wọ́n fọ́ gbogbo ère, kì í gbà kí ọmọ kankan lu òun.

Ìyá_Ìbejì

Kí ẹ sì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, Tíṣà. Ẹ̀gbọ́n kò ní sọ ìyẹn. Bóyá ọmọ náà ti ń sùn dáadáa tẹ́lẹ̀, bóyá wọ́n ti gbé e kúrò ní yàrá ìyá rẹ̀ nítorí àbúrò. Ẹ béèrè ná.

ÀgbàÒǹkàwé

Mo fara mọ́ ọn. Mo ti ní ẹ jàre níbẹ̀.

TíṣàÀwọnÈwe

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ó máa ń yẹ aṣọ wò, ẹ̀gbọ́n! Mo rò pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti kú ni. N óò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí mo bá fẹ́ ka ìwé Klein fúnra rẹ̀, èwo ni kí n mú? Mo ṣí èyí tó jáde ní 1932, ojú-ìwé kìíní ni mo ti sùn.

ÀgbàÒǹkàwé

Gbé ti 1932 sílẹ̀. Ti Richard ni kí o wá, *Narrative of a Child Analysis*, tó jáde ní 1961 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Richard, ẹ̀rù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bà á débi tí kò lè lọ sílé ìwé mọ́. Ní 1941 ni, Klein ti sá fún bọ́ǹbù lọ sí Pitlochry ní Scotland. Kò ní yàrá ìtọ́jú níbẹ̀, gbọ̀ngàn àwọn ọmọbìnrin Girl Guides ló háyà, pẹ̀lú àwòrán àti máàpù lára ògiri, tí kò lè ká kúrò. Ìjókòó 93 ni wọ́n ṣe. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ tó ń ya ọkọ̀ ogun ojú omi àti ọkọ̀ abẹ́ omi, tó ń fi kíréyọ́ọ̀nù pín ilẹ̀ ọba fún àwọn ará ilé rẹ̀: dúdú fún bàbá, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ fún ìyá, pọ́pù fún ẹ̀gbọ́n, pupa fún òun alára. Ka ìye ibi tí pupa ń gbà mọ́ búlúù lọ́wọ́ dúdú bí ìròyìn ogun bá ṣe ń yí.

Bí o bá ti dé ibi tí Klein ti ń ṣàlàyé, fi ọwọ́ bò ó ná. Ka ohun tí ọmọ ṣe àti ohun tó sọ, kó o kọ tìrẹ sílẹ̀, kó o tó ṣí ọwọ́. Ibi tí o kò bá ti gbà fún un, gbé e wá síbí, ká jọ jà á. Ẹlẹ́jọ́, ìwọ náà lè wá.